Sípíríǹgì Alágbára Tí Mo Fi Sínú Ìbọn Ìṣeré Ìyàwó Mi

Ọjọ́ kan wà tó ti kọ̀ láti jáde lọ́kàn mi, kò sì jọ pé yóò jáde láéláé. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Ìyàwó mi, Dúpẹ́, jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná wa ní Wakefield, nílùú New York, ó tẹ́ táwẹ̀lì síwájú, ó sì tú inú ìbọn ìṣeré rẹ̀ sórí rẹ̀ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Ọbẹ̀ ẹja ń hó lórí iná. Ó ní, "Bàbá Ṣèyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ìka tẹ ẹ̀yìn sípíríǹgì yìí. Ẹ má jẹ́ kó fò o." Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́. Àfi bí imú ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo ní kí n yára họ ọ́, sípíríǹgì fò sókè, ó kan àjà, ó sì já pọ̀ọ̀ sínú ìkòkò ọbẹ̀.

Àwa méjèèjì wo ara wa. Dúpẹ́ mú ṣíbí, ó wá a títí ó fi rí i lábẹ́ orí ẹja, ó gbé e sókè, epo ń kán lára rẹ̀. Ó ní, "Ẹ wò ó, ó ti jẹun ṣáájú wa." Ó fọ̀ ọ́, ó nù ún, ó dá a padà sáyè rẹ̀, ó sì ti nọ́ọ̀tì àpótí irin kékeré tó jẹ́ inú ìbọn náà pa. Mo ní kí n ṣe é lóore, mo ní, "Ṣé kí n ra èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọ? Ìbọn rẹ ń dún bí ẹni ń ya bébà." Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá Ṣèyí, eléyìí tó mi." A jẹun. Ó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀, ó lọ síbi iṣẹ́. Níbi iṣẹ́ náà ni ọkàn rẹ̀ ti dákẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, láàárín àwọn dókítà àti àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ rẹ̀, níbi tó jẹ́ pé bí ọkàn bá fẹ́ dákẹ́ wọ́n máa ń bẹ̀ ẹ́ kó má dákẹ́. Ìyàlẹ́nu náà kò tíì kúrò lára mi. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtìjú tèmi ni mo fẹ́ ròyìn, ara sípíríǹgì yẹn ló sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí ìyá ọlọ́mọ ṣe di oníbọn. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló mú un lọ síbi eré kan tí àwọn ará ibí ń pè ní airsoft. Àwọn àgbàlagbà a wọ awò ńlá bojú, wọn a pín sí ọ̀nà méjì nínú igbó, wọn a sì máa fi ìbọn tí bátìrì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ yin ọta oníke róbótó lu ara wọn. Ẹni tí ọta bá bà, a gbé ọwọ́ sókè, a jáde. Dúpẹ́ lọ kí wọ́n má baà sọ pé ó ń ṣe fọ́ńté. Ó padà wálé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lórúnkún méjèèjì, ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ọmọdé tó gba ẹ̀bùn Kérésì, ó sì pariwo láti ẹnu ọ̀nà pé, "Bàbá Ṣèyí, mo pa èèyàn márùn-ún lónìí!" Mo sáré lọ ti fèrèsé.

Òfin ìlú New York kò gbà kí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ máa gbé inú ilé ẹni. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fi ẹsẹ̀ rìn díẹ̀ láti ilé wa, tó sọdá títì kan, ó ti wà ní Mount Vernon, òfin ìlú wa kò sì bá a débẹ̀. Níbẹ̀ ni Ìyábọ̀ ń gbé, ọ̀rẹ́ Dúpẹ́ tí wọ́n jọ ń ṣe nọ́ọ̀sì tí wọ́n sì jọ ń yìnbọn. Ara ìbọn wá ń gbé nínú yàrá abẹ́ ilé Ìyábọ̀. Inú rẹ̀ nìkan, ìyẹn àpótí irin kékeré tí gíà, písítìn àti sípíríǹgì wà nínú rẹ̀, ló máa ń bá Dúpẹ́ sọdá wálé nínú báàgì oúnjẹ rẹ̀, fún ìtọ́jú.

Iṣẹ́ àpótí náà kò ṣòro láti yé èèyàn. Bátìrì á yí gíà, eyín gíà á fa písítìn sẹ́yìn, písítìn á fún sípíríǹgì jọ. Bí eyín bá tán lára gíà, sípíríǹgì á ta písítìn padà síwájú, afẹ́fẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ á sì ti ọta jáde. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ya sípíríǹgì sọ́tọ̀. Bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni yóò ṣe le tó. Ti Dúpẹ́ wà lára àwọn tó rọ̀ jù. Ìbọn rẹ̀ kì í dún ju "tẹ́" lọ. Àwọn ọmọkùnrin tí tiwọn ń dún gbà-gbà-gbà kì í mọ igi tí ìyá náà wà lẹ́yìn rẹ̀ títí ọta rẹ̀ yóò fi bà wọ́n.

Bàbá Dúpẹ́ ni olórí ọdẹ nílùú wọn ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, àwọn ọdẹ yìnbọn tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ fi sá kúrò ládùúgbò, èmi àna òkú tí mo ti Ìbàdàn wá sì dojú bolẹ̀ nínú eruku pẹ̀lú aṣọ funfun. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Dúpẹ́ fi rín mi nítorí ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan òun fúnra rẹ̀, ibi ìsìnkú kan tó mọ́ tónítóní níbí la sin ín sí, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dúdú sì wá bẹ̀ wá pé ká rọra kọrin nítorí àwọn mìíràn ń sìnkú nítòsí. A rọra kọ ọ́. A padà sílé. Ọmọ olórí ọdẹ wọlẹ̀ láìsí ìró kankan. Ìyẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn ju ohun gbogbo lọ, n kò sì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Bí ọdún ṣe ń pé lọ, Ìyábọ̀ pè mí lórí fóònù. "Bàbá Ṣèyí, àwa ẹgbẹ́ ìyàwó yín fẹ́ ṣe eré ìrántí fún un nínú igbó. Ìbọn rẹ̀ lẹ máa fi yin ọta àkọ́kọ́, kí eré tó bẹ̀rẹ̀."

"Èmi? Mi ò mú ìbọn dání rí."

"Ẹ̀yin náà ni. Ta ló tún kù?"

Mo gbé fóònù sílẹ̀, nǹkan kan sì dìde nínú mi. Mo pinnu pé lọ́jọ́ náà, Dúpẹ́ yóò gba ìró ìbọn tó tọ́ sí i. Mo gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìbọn yẹn ké. Mo sọdá lọ gba àpótí náà, mo sì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti wá sípíríǹgì.

Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi hàn báyìí, kí ẹ lè rẹ́rìn-ín dáadáa. Olùkọ́ físíìsì ni mí. Títí mo fi fẹ̀yìn tì ni mo ń ya àwòrán sípíríǹgì sójú pátákó. Mo yan èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ga jù lọ nínú gbogbo ọjà náà. Àwọn tó ń tà á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹni tó bá ra èyí gbọ́dọ̀ pààrọ̀ gíà àti písítìn pẹ̀lú. Mo ka gbólóhùn náà, mo sì fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Mo ní ọgbọ́n ìtajà ni. Ọkàn mi tún sọ sí ọkọ̀ Peugeot tí mo ní ní Ìbàdàn, tó máa ń tẹ̀ bí a bá di iṣu sí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ní kí mẹkáníìkì fi sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù sí i, kò sì tẹ̀ mọ́. Pé ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í já lẹ́yìn ìyẹn, tí ẹ̀yìn fi ń dun gbogbo ẹni tó bá wọ̀ ọ́, n kò rántí apá yẹn.

Sípíríǹgì dé. Nígbà tí mo dì í mú, kò jọ ohun ìṣeré. Ó nípọn bíi ti ìdí géètì. Mo jókòó sórí àga Dúpẹ́, mo tẹ́ táwẹ̀lì Dúpẹ́, mo sì tú àpótí náà. Mo yọ sípíríǹgì àtijọ́, mo gbé e sínú kọ́ọ̀bù tíì rẹ̀ lójú fèrèsé. Pupa epo díẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ níbi tí ọṣẹ kò dé. Mo yára gbé ojú kúrò. Mo wá kọjú sí tuntun. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi tẹ̀ ẹ́, kò mira. Mo fi ìgúnpá tẹ̀ ẹ́. Níkẹyìn mo gun orí àga, mo fi orúnkún lé e.

Orí àga yẹn ni mo wà tí Ìyá Ìjọ wa fi wọlé. Ìyá náà kì í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kó má gbé mọ́ínmọ́ín wá fún mi, mo sì ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ dè é. Obìnrin tó sanra dáadáa ni, ohùn rẹ̀ sì ju ara rẹ̀ lọ. Fìlà aláwọ̀ àlùkò tó ní ìyẹ́ lórí ló dé wá.

"Ẹ kú ilé o! Ọkọ Dúpẹ́, kí lẹ ń wá lórí àga?"

"Ẹ káàbọ̀, mà. Sípíríǹgì ni mò ń tẹ̀."

"Ti bẹ́ẹ̀dì?"

"Ti ìbọn, mà."

Kò yẹ kí n yíjú sí i láti sọ bẹ́ẹ̀. Orúnkún mi yọ̀. Mo gbọ́ fìín, nǹkan gba orí Ìyá Ìjọ kọjá, fìlà rẹ̀ sì bá a lọ. Orí fíríìjì ló balẹ̀ sí, ìyẹ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Kí n tó yíjú padà, ìyá tó máa ń ní kí a fún òun lọ́wọ́ kí òun tó lè dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì ti wà lábẹ́ tábìlì.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Wọ́n ti yìnbọn lù mí!"

"Wọn ò yìnbọn, mà. Sípíríǹgì lásán ni."

"Sípíríǹgì lásán ló ṣí mi ní fìlà? Ọkọ Dúpẹ́, kí ni mo fi ṣe yín? Ṣé mọ́ínmọ́ín ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò dùn ni?"

Ìtìjú mú mi. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, mo ń bẹ̀ ẹ́, bí mo sì ṣe ń bẹ̀ ẹ́ ni ọ̀rọ̀ tí mo ti gbé mì láti ọjọ́ ìsìnkú bọ́ lẹ́nu mi. Mo sọ fún un nípa bàbá Dúpẹ́, nípa àwọn ọdẹ, nípa ọkùnrin oníkóòtù dúdú. Mo ní mo kàn fẹ́ kí ìró kan dún fún un ni. Láti abẹ́ tábìlì ni Ìyá Ìjọ ti gbọ́ ọ tán. Ó na ọwọ́ jáde. "Ẹ fà mí dìde. Ibo lẹ ní kí wọ́n tẹ̀?"

Báyìí ló ṣe di pé Ìyá Ìjọ jókòó lé ìbọn. Mo wá sípíríǹgì náà rí, mo dá a padà sínú àpótí, mo fi táwẹ̀lì wé e, mo gbé pákó ìgẹ́fọ̀ọ́ lé e, ìyá náà sì fi gbogbo ara jókòó lé pákó náà, ó di ojú, ó sì gbé àdúrà sókè. Èmi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀, mo ń ti nọ́ọ̀tì láti ẹ̀gbẹ́ tó yọ síta.

"Ẹ má mira, mà."

"Èmi ò mira. Nǹkan yìí ló ń mira lábẹ́ mi. Ṣé kò ní yìn?"

"Kò sí ọta nínú rẹ̀, mà."

"Kí ló wá ń mú yín làágùn?"

Nígbà tí nọ́ọ̀tì ìkẹyìn wọlé, àwa méjèèjì mí kanlẹ̀. Ó ní òun gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun kò lè jókòó lé nǹkan kí òun má gbọ́ ohùn rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìrántí náà, ọmọ wa Ṣèyí wa ọkọ̀ láti àdúgbò Flatbush wá gbé wa. Ibí la bí i sí, Yorùbá rẹ̀ kò ní òkè kò ní ilẹ̀, ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń rìn lórí sìmẹ́ńtì. A dúró ní ọ̀dọ̀ Ìyábọ̀, a to àpótí náà sínú ara ìbọn. Bátìrì kò ní iná nínú, nítorí náà a kò lè dán an wò; inú ọkọ̀ ló ti gba iná lójú ọ̀nà. Ṣèyí wo ọwọ́ mi bí mo ṣe ń tò ó.

"Dádì, kí lẹ ṣe sí ìbọn Mọ́mì?"

"Mo tún un ṣe."

"Ṣé ó bàjẹ́ ni?"

Mo ní ká tètè máa lọ kí ọ̀nà má baà dí.

Pápá náà jìnnà sí ìlú, inú igbó gidi ni, igi gíga-gíga. Kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, ọkùnrin kan wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń fi ẹ̀rọ wọn bí ọta ìbọn kọ̀ọ̀kan ṣe ń sáré tó, nítorí èyí tó bá le jù lè ṣe èèyàn léṣe. Ó mọ ìbọn Dúpẹ́. Ó fi ọ̀wọ̀ gbà á lọ́wọ́ mi, ó yìn ín lẹ́ẹ̀kan.

GBÀ!

Àwọn ẹyẹ fò kúrò lórí igi. Ọkùnrin náà wo ẹ̀rọ rẹ̀, ó wo ìbọn, ó sì wo èmi. Ó bi mí bóyá ogun ni mò ń lọ. Ìyábọ̀ sáré dé, ó gbé ọwọ́ lé àyà. "Bàbá Ṣèyí! Ìbọn Dúpẹ́ ló dún báyẹn?" Mo mi orí pẹ̀lú ìgbéraga. Lójú tèmi, mo rò pé ó ń yìn mí ni.

Ọkùnrin náà ní kò ṣeé ṣe, wọn kò gbọ́dọ̀ fi irú èyí kọjú sí èèyàn rárá. Ìyábọ̀ bẹ̀ ẹ́ títí. Wọ́n wá fẹnu kò pé kí n fi yin páànù kan tó rọ̀ lára igi, kí gbogbo èèyàn dúró sẹ́yìn mi, kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tò. Àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọkùnrin tí Dúpẹ́ ti máa ń yìn lulẹ̀, gbogbo wọn ṣí fìlà. Ìyá Ìjọ fi ọwọ́ méjèèjì di tirẹ̀ mú lórí. Mo ní, "Ọmọ ọdẹ ni Dúpẹ́. Ní ilé wa, a kì í jẹ́ kí irú wọn lọ ní ìdákẹ́jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni màá yìn ín." Mo fi ìka tẹ ibi tí wọ́n ti ń yìn ín.

GBÀ! Páànù ké gbàáńgan. Wọ́n pàtẹ́wọ́, omi dà lójú mi, mo ní sínú mi pé, bàbá Dúpẹ́, ẹ gbọ́ ọ. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó dún gbà díẹ̀, ó wá fi kẹrẹrẹrẹ parí rẹ̀, bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ohun tó jáde níbẹ̀ kì í ṣe ìró ìbọn mọ́. Ìró ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata ni, tí ẹnì kan sì da òkúta sínú rẹ̀. Òórùn nǹkan tó ń jó gba afẹ́fẹ́. Ọta kan yọjú lẹ́nu ìbọn, ó rọra yí jáde, ó sì já sórí bàtà mi.

N kò mọ̀ pé ìka mi ṣì wà níbẹ̀. Ojú mi là, mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń lọ ara rẹ̀, n kò sì lè jáwọ́. Ìbọn Dúpẹ́, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú, ń kú lọ́wọ́ mi níwájú gbogbo àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀, lọ́jọ́ ìrántí rẹ̀. Ṣèyí ló wá yọ ìka mi kúrò. Láti ẹ̀yìn ni ohùn Ìyá Ìjọ ti wá, ó rò pé òun rọra sọ ọ́: "Ṣé ó ti parí ni? Ṣé ká pàtẹ́wọ́?"

Ẹnì kan pàtẹ́wọ́. Àwọn yòókù dára pọ̀. N kò mọ̀ pé àtẹ́wọ́ lè dun èèyàn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ìbọn ẹlòmíì bẹ̀rẹ̀ eré, èmi jókòó sórí gẹdú kan, mo gbé ìbọn tó ti kú lé itan, Ìyá Ìjọ sì ń fún mi ní mọ́ínmọ́ín jẹ bí ọmọdé.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, lẹ́yìn tí a já Ìyá Ìjọ sílẹ̀, Ṣèyí bi mí pé kí ló dé gan-an. Mo sọ fún un. Mo ní ìyá rẹ̀ lọ láìsí ariwo kankan, bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan kan. Ó ń wo ojú ọ̀nà bó ṣe dáhùn.

"Dádì, Mọ́mì ò fẹ́ràn ariwo. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ pariwo."

Mo gbójú sí fèrèsé. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí nǹkan ń bú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo rò pé ẹkún ni. Ó ní, "Ọta yẹn... lórí bàtà yín..." Ẹ̀rín àti ẹkún ń jà lọ́fun rẹ̀, ó ní láti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Èmi náà sì bá a rín in, láti ọdún kan, ìgbà àkọ́kọ́.

Nígbà tí mo tú àpótí náà nílé, ẹnu yà mí ju ti orí pápá lọ. Gíríìsì inú rẹ̀ ń dán yinrin-yinrin, irin tó ti di ìyẹ̀fun ni. Eyín gíà ti ṣẹ́ bí ẹnu arúgbó. Eyín písítìn ti pá, ó dán bíi pé wọn kò fi síbẹ̀ rí. Iwájú àpótí náà, níbi tí písítìn ń fi orí sọ, ti là. Ìdáhùn rẹ̀ sì wà lórí pátákó mi láti ayébáyé: gbogbo agbára tí sípíríǹgì bá máa fi ti ọta jáde, ara eyín gíà ló ti kọ́kọ́ gbà á, gíà sì ti ara bátìrì gbà á. Èyí tó rọ̀, eyín á fà á wẹ́rẹ́, á sì pẹ́. Èyí tó le, eyín tí kò tó o ló máa jẹ tán. Èmi kàn ń ya sípíríǹgì fún àwọn ọmọ ni, n kò ya eyín tó ń fà á rí. Dúpẹ́ kò ya àwòrán kankan. Ó sọ pé eléyìí tó òun, mo sì gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ ẹni tí kò fẹ́ kí n náwó.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyẹn, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Bí nǹkan kan bá ń dún jẹ́jẹ́ fún ọdún púpọ̀, kí ẹ tó tún un ṣe, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó ń ṣàìsàn. Sípíríǹgì alágbára mi ṣì wà nílé. Mo fi dá ilẹ̀kùn báluwẹ̀ dúró, ó sì ṣì le jù fún iṣẹ́ náà. Ó máa ń ta ilẹ̀kùn padà lu mí lẹ́yìn.

Mo ra gíà, písítìn àti àpótí tuntun, irú èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìyá Ìjọ gbọ́, ó pè. "Ọkọ Dúpẹ́, ṣé kí n wá jókòó?"

"Ẹ ṣeun, mà. Ẹ jẹ́ kí n dán an wò fúnra mi."

Mo tẹ́ táwẹ̀lì. Mo to gíà kọ̀ọ̀kan sí ihò rẹ̀, mo fi gíríìsì pa wọ́n, mo sì mú sípíríǹgì àtijọ́ nínú kọ́ọ̀bù lójú fèrèsé. Imú mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo jẹ́ kó máa yún mi. Mo rò pé màá nílò orúnkún, mo rò pé màá nílò pákó. Àtàǹpàkò kan ni mo fi tẹ̀ ẹ́, ó sì dúró. Mo dé àpótí náà, mo ti gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀ pa, ohun kan kò fò.

Mo gbé e sínú báàgì oúnjẹ, mo sọdá títì lọ sọ́dọ̀ Ìyábọ̀. Nínú yàrá abẹ́ ilé rẹ̀, a wọ awò bojú, mo to ìbọn náà, mo kọjú rẹ̀ sí páálí kan lára ògiri. Ìyábọ̀ ní, "Ṣé kí n bá yín dì í mú?" Mo ní rárá. Ó fà sẹ́yìn títí ó fi kan ògiri kejì, ó fi ìka di etí. Mo tẹ̀ ẹ́.

Tẹ́.

Ìyábọ̀ yọ ìka létí. "Ṣé ó ti yìn?"

Ihò kékeré kan wà láàárín páálí náà. Ẹ̀rín mú mi, mo ní, "Ó ti yìn. Ó tó."